Àmì Tí Abẹ Fá Kúrò Lójú Ọmọ Alágbàfọ̀

"Màmá, ẹ má bínú o, ṣé lóòótọ́ ni pé ńṣe ni àbúrò yín máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ya èèyàn kó burẹ́wà?"

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù fótò ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó wá sọ́dọ̀ mi kí n bá òun rán aṣọ ńlá tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò máa dúró síwájú rẹ̀, mo sì ń fi téèpù wọn aṣọ náà lọ́wọ́. Ó ní láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bí fótò ẹnì kan bá jáde tí gbogbo irorẹ́ ojú rẹ̀ hàn kedere, wọn á ní, "Wò ó, o ti ya Bó-ṣe-rí," wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ kó tó gbọ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń jẹ́ Bó-ṣe-rí, àti pé àbúrò mi ni.

Mo ká téèpù mi. Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà kò tó, mo sì kórìíra kí n sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Káfíńtà ni bàbá wa, férémù fótò ló sì ń kàn jù, nítorí igi kéékèèké ni apá rẹ̀ ká. Fótò ẹni ẹlẹ́ni ló kún ilé wa: ìyàwó tuntun, ọmọ tó jáde ilé ìwé, bàbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Bí àwọn ọmọ yòókù bá ń ṣeré lójú títì, àárín àwọn fótò wọ̀nyẹn ni àbúrò mi máa ń jókòó sí, á máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá wa á ní, "Ọmọ yìí, àwọn tí ò ní dá ọ lóhùn lo yàn lọ́rẹ̀ẹ́."

Òun á ní, "Wọ́n ń dá mi lóhùn, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Nígbà tó tó iṣẹ́ í kọ́, ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ayàwòrán àgbà kan, lẹ́yìn náà ó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Aránṣọ ni mí. Ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín àwa méjèèjì. Oníbàárà tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá já, ọ̀dọ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ yà kó tó jókòó síwájú kámẹ́rà.

Mo mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ẹni mọ ojú àpò ara rẹ̀. Àga ibẹ̀ kò ní ẹ̀yìn, nítorí ó ní ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, ọrùn rẹ̀ á wọlé sínú ara. Dígí wà lára ògiri, ó fi okùn so kóòmù mọ́ ọn, torí pé kóòmù máa ń bá oníbàárà lọ sílé. Lẹ́yìn aṣọ dúdú kan ni yàrá òkùnkùn wà, òórùn kíkan ló máa ń ti ibẹ̀ jáde, níbẹ̀ ló ti ń fọ fíìmù rẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́, ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́: "Gbé àgbọ̀n sókè. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ó tó. Dúró jẹ́ẹ́." Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Dúró-jẹ́ẹ́ nìyẹn, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ ní orúkọ kejì.

Ọkùnrin kan dúró jẹ́ẹ́ débi pé kò mí mọ́, ẹyinjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Àbúrò mi yọ orí jáde lábẹ́ aṣọ kámẹ́rà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ní kí ẹ dúró jẹ́ẹ́ ni o, mi ò ní kí ẹ kú." Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, inú ẹ̀rín yẹn ló sì yà á sí. Mi ò rò pé ọkùnrin yẹn tún ní fótò tó dáa tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe yíyà ló sọ àbúrò mi di olókìkí. Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti yà á tán ni. Lórí fíìmù, gbogbo nǹkan ló ń yí padà: ibi tó dúdú lára èèyàn á fẹ́lẹ́, ibi tó mọ́lẹ̀ á ki. Bí èèyàn bá ní àmì dúdú lójú, àbúrò mi á fi pẹ́ńsùlù tó mú ṣóńṣó kún ibi tó fẹ́lẹ́ náà, àmì ò sì ní hàn mọ́ nínú fótò. Bó bá ṣe àpá tó funfun ju ara lọ ni, a jẹ́ pé ibẹ̀ ki nìyẹn. Abẹ ni yóò fi fá a, díẹ̀díẹ̀, láìmí, títí tí yóò fi bá ara yòókù dọ́gba. Ohun tí pẹ́ńsùlù bá ṣe, omi lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ohun tí abẹ bá fá, ó lọ nìyẹn.

Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn tó o. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò mìíràn wá. Àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà ń wá, àgbà wà nínú wọn, ọmọdé wà nínú wọn, ohun tó sì ń kọ́ wọn ni pé, "Ẹni tó wá ya fótò, kì í ṣe ojú tó gbé wá ló fẹ́ gbé lọ. Ojú tó wù ú ni. Ẹ fún un." Mi ò dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ tèmi náà, ikùn tó yọ ni mò ń fi aṣọ bò.

Òdìkejì títì ni Ìyá Alágbàfọ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló bí fún un. Ó ń fọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò, ó sì ń lọ̀ ọ́; kò sí àbàwọ́n tó lè dúró níwájú obìnrin yẹn. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pe ọmọ náà, nítorí ẹ̀rín ló fi ń kí èèyàn kó tó la ẹnu. Nígbà tó ṣì ń rá, ó gbé ojú lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí ìyá rẹ̀ gbé sílẹ̀ kó lè ká aṣọ. Ojú egbò jinná, ó di àpá funfun lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ṣe ṣóńṣó bí imú áyọ́ọ̀nù gan-an. Ọmọ ò kà á sí. Ìyá ló kà á sí. Mo ti rí i nígbà tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, tó ṣèèṣì gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀, tó sì yára gbójú sílẹ̀.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín jáde ilé ìwé, ó rí iṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, ní ilé ìtajà kan. Ìyá rẹ̀ ní kó ya fótò kó tó lọ. Mo rán búláòsì fún un, mo gé ọrùn rẹ̀ bí eyín ayùn, mo sì fi òwú tó yàtọ̀ sí aṣọ gba etí rẹ̀ yípo. Irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn, nítorí orí ara mi ni mo ti ronú rẹ̀.

Ó jókòó. Àbúrò mi ní, "Ẹlẹ́rìn-ín, fún ẹnu pọ̀ díẹ̀, eyín rẹ á gba gbogbo fótò."

"Bọ̀ọ̀dá Dúró-jẹ́ẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dúró jẹ́ẹ́, ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Tèmi lo rí? Ìwọ tí etí rẹ ń mì."

Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ní kó fá àpá náà. Ìyá ò sọ ọ́, ọmọ ò sọ ọ́. Àánú ló ṣe é. Ó rò ó pé kí obìnrin yìí ní fótò kan ṣoṣo nílé tí kò ní máa fi áyọ́ọ̀nù bá a wí. Odidi ọ̀sán kan ló fi fá a, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí wọ́n wá gbà á, ìyá mú fótò náà dání, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ àbúrò mi mú.

Ẹlẹ́rìn-ín na ọrùn wò ó. Ó ní, "Ta nìyí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ní, "Ìwọ ni, lọ́jọ́ tí o bá fọ ojú."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó tún wò ó, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ó dáa o. Àmọ́ ta ni?" Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń fi ìwé dì í lọ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àbúrò mi tẹ òmíràn tó tóbi, ó gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó wà níta, kí àwọn tó ń kọjá lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Ọmọ lọ. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́, àwọn awakọ̀ ló ń bá a mú un wá. Nígbà tó yá, kò sí iṣẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó ti gbàyè pé òun ń lọ sílé lọ wo ìyá òun. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà kan náà ló wà. Ọ̀nà yẹn ló gbé e mì.

Àbúrò mi tẹ fótò rẹ̀ lọ́pọ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ó gé e mọ́ ojú nìkan, kò jẹ́ kí aṣọ wọ inú rẹ̀. Ó ní ojú la fi ń mọ èèyàn. Ó kọ orúkọ ọmọ náà sísàlẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ga tó, àti ibi tí ẹni tó bá rí i yóò wá. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé ìwòsàn gbogbo tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Èmi náà di àtè mú. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà ní àpá. Mo ti ro ìyẹn títí, ibi tí mo sì bá a dé ni pé àwa tí a mọ̀ ọ́n, ńṣe là ń rí àpá náà nínú fótò, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún padà. Fótò ara ògiri ṣá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan wá ya fótò kékeré tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ káàdì iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan lójú ọ̀nà yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fọ ilẹ̀, ó sì ń bá wọn nu ara àwọn aláìsàn. Èrò wà níwájú rẹ̀, ó bá dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onígíláàsì. Mo wà nídìí ẹ̀rọ mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe wọlé.

"Ọ̀gá, ta ló rán búláòsì inú fótò ńlá tó wà níta yẹn?"

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ rán irú rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára irú rẹ̀ rí."

Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ó ní ọkọ̀ kan ló dojú dé, wọ́n kó àwọn tó fara pa wá sọ́dọ̀ àwọn. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó fi orí gbá nǹkan, kò lè sọ̀rọ̀. Aṣọ tó ní ọrùn bí eyín ayùn yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kó tó kú. Àwọn ò rí ẹni rẹ̀.

Àbúrò mi ní, "Ẹ ò rí fótò tó wà lẹ́nu géètì yín?" Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Mo tilẹ̀ lọ dúró tì í, mo wò ó dáadáa nítorí ọmọ náà, mo ní bóyá òun ni. Àmọ́ ti ẹnu géètì, ojú rẹ̀ mọ́ lóló. Tiwa ní àpá áyọ́ọ̀nù níbí." Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀, láti ibi tí mo jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò. "Mo bá ní kì í ṣe òun. Mo padà wọlé."

Àbúrò mi jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Mi ò rí i kó jókòó síbẹ̀ rí.

Kò jẹun kó tó lọ bá Ìyá Alágbàfọ̀, èmi náà bá a lọ. Ó lè sọ pé ọmọ ti kú, kó dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí ì bá bi í ní èyí tó kù. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti obìnrin ilé ìwòsàn, ti fótò ẹnu géètì, ó sọ ti abẹ. Obìnrin náà ń lọ aṣọ aláṣọ lọ́wọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká aṣọ náà dáadáa, ó tún un ká.

Ó wá ní, "Dá a padà."

"Kí ni, Mà?"

"Àpá ọmọ mi. Ìwọ lo mú un kúrò. Dá a padà sójú rẹ̀, kí n rí ọmọ mi."

Àbúrò mi ní òun lè fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún sórí fótò, yóò jọ ọ́.

"Ṣé mo ní kí o ya àpá fún mi ni? Mo ní kí o dá tirẹ̀ padà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, bí pẹ́ńsùlù ṣe jẹ́, bí abẹ ṣe jẹ́, ohun tí omi lè fọ̀ kúrò àti ohun tí kò lè padà mọ́. Òótọ́ ló fẹ́ sọ délẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni obìnrin náà dì mú: omi. Ó ní kó fún òun ní fíìmù náà. Àbúrò mi rò ó pé tirẹ̀ ni, kò sí ẹ̀tọ́ tí òun ní láti fi dù ú. Ó fi ìwé wé e, ó gbé e fún un.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Alágbàfọ̀ gbé abọ́ ìfọṣọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó rọra ń rìn kí omi inú rẹ̀ má baà dà. Ó ti rẹ fíìmù náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ líle, bó ṣe máa ń ṣe ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò bá fẹ́ kúrò. Lójú tirẹ̀, nǹkan kan ló bo ojú ọmọ òun, kò sì tíì sí ohun tó bo aṣọ rí tí òun ò ṣí. Fíìmù wà nísàlẹ̀ abọ́ náà, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ohun tó wà lára rẹ̀ ti bọ́, ó ń léfòó lójú omi bí èédú tó fẹ́lẹ́, ó ti já wẹ́wẹ́.

Ó ní, "Mo rí i tó ń ṣí. Mo rò pé ó ń padà bọ̀ ni."

Àbúrò mi bá a di abọ́ náà mú. Wọ́n jọ dì í mú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó wúwo.

A lọ sí ilé ìwòsàn náà. Wọ́n fi ilẹ̀ kan hàn wá níbi tí wọ́n ń sin àwọn tí a kò rí ẹni wọn. Koríko ti bò ó, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ibì kan pé ibí ni. Ìyá Alágbàfọ̀ rìn yí gbogbo rẹ̀ ká.

Nígbà tí a padà délé, àbúrò mi gba abẹ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gba pẹ́ńsùlù náà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ àgbà, ọkùnrin tó ti níyàwó nílé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló bá a jiyàn.

"Ọ̀gá, kí la ó wá máa fi ṣe é?"

"Kámẹ́rà."

"Ìyàwó ọ̀la ló jókòó síta yẹn o. Irorẹ́ ti fi ojú rẹ̀ dá oko."

"Bi í bóyá ó fẹ́ yà á báyìí tàbí kó padà wá nígbà tí irorẹ́ bá lọ."

"Ọ̀gá, ọjọ́ ìgbéyàwó kì í dúró de irorẹ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi òun. Ó ya ìyàwó náà bó ṣe wà. Nígbà tó wá gba fótò, ó figbe ta pé, "Ṣé kámẹ́rà yín ń bá mi ṣọ̀tá ni?" Àbúrò mi ní, "Bó ṣe rí nìyẹn, àbúrò mi." Ìdáhùn kan náà ló ń fún gbogbo wọn, ibẹ̀ ni orúkọ kejì ti wá. Àwọn oníbàárà kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù fótò mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń fọ ojú mọ́ fún wọn.

Kí ẹni tó ń kàwé yìí má rò pé ìkà ni. Àánú rẹ̀ ò tán, ó kàn gbé e kúrò níbi tó wà ni. Ó lè pẹ́ kó tó tẹ kámẹ́rà: á gbé iná síwájú, á gbé e sẹ́yìn, á bi ẹni náà léèrè ta ló fẹ́ fún ní fótò yìí, á dúró títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ fún àwọn tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ pé, "Bí àánú èèyàn bá ń ṣe ẹ́, tètè lò ó kí o tó tẹ kámẹ́rà. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ojú yẹn ti di ti ẹni tó ni í." Àwọn tó gbọ́ ọ kò pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ. Iṣẹ́ ojú dídán ni wọ́n wá kọ́.

Ọmọṣẹ́ àgbà ló pẹ́ jù. Ohun tó lé òun náà lọ nìyí. Ó rí Ìyá Alágbàfọ̀ níwájú ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú abọ́ aṣọ, ó di ojú, omi ojú ń ṣàn. Ó fi kámẹ́rà kékeré yà á láti òdìkejì títì. Fótò náà dáa, mi ò ní purọ́. Ó gbé e wá fi han ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Mi ò fá nǹkan kan. Bó ṣe rí nìyẹn."

"Ṣé o bi í?"

"Bí mo bá bi í, ojú yẹn á ti lọ."

"Kó lọ nígbà náà. Gbé e lọ bá a. Gbé fíìmù rẹ̀ náà lọ."

Èmi ni mo tẹ̀ lé e, torí mo rò pé obìnrin náà á ṣépè. Ìyá Alágbàfọ̀ nu ọwọ́, ó gba fótò náà, ó wò ó pẹ́.

"Báyìí ni mo ṣe rí?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ẹ ò fá nǹkan kankan kúrò?"

"Rárá, Mà."

"Ó burú," ó ní. "Àmọ́ èmi ni." Ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò ọmọ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ mọ́. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà: "Lọ́jọ́ mìíràn, béèrè. Mi ò bá ti fi nǹkan borí."

A padà lọ ròyìn fún àbúrò mi. Ó wá ní, "Síbẹ̀, kò béèrè." Ọmọṣẹ́ náà ní inú obìnrin náà dùn sí i, kí ni ọ̀gá tún ń fẹ́? Wọn ò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Títí di òní, mi ò lè sọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì, mo sì ti gbìyànjú.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àbúrò mi ń ṣe tọkàntọkàn. Ó ń tú àwọn àpótí fíìmù rẹ̀ àtijọ́, gbogbo èyí tó ti yà rí ní àdúgbò wa, ó ń gbé wọn sókè sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ojú ọmọ náà pẹ̀lú àpá rẹ̀. Ó rí i níbi tí kíláàsì wọn ti ya fótò. Ẹlòmíràn ló fi èjìká dí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rí i lẹ́yìn ọmọ ìkókó kan tí ó yà níwájú ilé, Ẹlẹ́rìn-ín ń sáré kọjá, ojú rẹ̀ dà bí èéfín. Bó bá rí ọ̀kan, á tẹ̀ ẹ́, á gbé e kọjá títì. Ìyá Alágbàfọ̀ á wọ gíláàsì ojú rẹ̀, á wò ó, á dá a padà.

"Kò sí níbẹ̀."

"Mà á tún wá a, Mà."

"Máa wá a."

Wọn ò jà. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, lẹ́yìn náà àyà ló dùn ún. Mo gbé e sọ́dọ̀ mi. Ó ti kó àpótí fíìmù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ kò rí wọn mọ́, ńṣe ló ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí i san."

Mo ní, "Kì í ṣe irú gbèsè téèyàn ń san nìyẹn. Àánú lo fi ṣe é."

Ó ní, "Gbèsè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi fá a kúrò."

Kò tún sọ̀rọ̀ tó gùn bẹ́ẹ̀ mọ́. A sin ín. Ìyá Alágbàfọ̀ ló fọ gbogbo aṣọ tí a lò, ó sì lọ̀ wọ́n, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n.

Ó ti darúgbó báyìí, kò gbé áyọ́ọ̀nù mọ́. Láìpẹ́ yìí, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kọjá títì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, mo bá ń rán aṣọ mi lọ.

"Ìyá Aránṣọ, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tí n ó fi ọ́ rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni?"

Kò tètè yé mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ kan, ó mú un kúrò, ó fi bo èkejì. "Bí mo bá jí, ó máa ń dá mi lójú pé èyí ni. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti yí. Mo wo fótò, kò sọ fún mi."

Mo pa ẹ̀rọ. Mo wá ọmọ náà nínú orí mi. Mo rí ẹ̀rín rẹ̀, mo rí ọrùn aṣọ, mo rí àpá náà gan-an, bó ṣe ṣe ṣóńṣó. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tí mo bá ti wò ló ń bọ́ sí. Obìnrin ilé ìwòsàn ti ṣí lọ, a ò mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá padà sẹ́yìn nínú ìwé yìí á rí i pé mi ò dárúkọ ọ̀tún tàbí òsì níbì kankan. Mi ò mọ̀ ọ́n ni.

Mo lè mú ọ̀kan. Ì bá gbà á gbọ́, ì bá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tilẹ̀ la ẹnu.

Mo ní, "Mi ò rántí."

Ó mi orí. "Àbúrò rẹ ì bá mọ̀."

"Ì bá mọ̀."

Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ kan fi kọjá. Ó ní, "Ó ṣì jẹ mí ní gbèsè o, ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́. Ó ṣì jẹ ọ́."